Bí a ṣe lè máa tafà déédéé nígbà tí iṣẹ́ kò fún wa láyè: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí a wà l'Ábùjá

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọfà títa máa ń bi mí lemọ́lemọ́, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn tó ń ti ẹ̀yìn ìlú wá sí ibi iṣẹ́. Mo to àwọn tó rọrùn síwájú, àwọn tó le sì wà lẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ ló yẹ kí n máa tafà?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ní pápá, ẹ̀ẹ̀mejì nílé. Bí ẹ bá rí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ṣe, ó dára. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ rí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà.

Iṣan ẹ̀yìn àti ti èjìká ló ń fa ọrun, kì í ṣe iṣan apá. Lára ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn iṣan wọ̀nyí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n bá fa ọrun lónìí, tí wọn kò tún fà á mọ́ títí ọjọ́ mẹ́jọ, apá ni yóò gba iṣẹ́ wọn ṣe. Apá kì í pẹ́ rẹ̀, bó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọfà á sì máa lọ síbi tó wù ú.

Ìdánrawò kan yẹ kó gba tó ìṣẹ́jú mélòó?

Ní pápá, ogójì ìṣẹ́jú tó, pẹ̀lú ìgbà tí ẹ fi ń to ọrun pọ̀ àti ìgbà tí ẹ fi ń rìn lọ fa ọfà yọ. Nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Iye ọfà ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe wákàtí. Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, ọfà 72 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ta láti 70 mítà nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn olùdíje sípò. Bó bá jẹ́ ìdíje inú ilé ní 18 mítà, ọfà 60 ni, wọ́n sì ń ta á ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá ta ọfà 36 pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ti ta ìdajì ọfà 72 tí àwọn àgbà tafàtafà ń ta ní Òlíḿpíìkì yẹn. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa ro ara yín pin.

Àwọn ará ilé ń sọ pé eré òyìnbó ni, pé mò ń fàkókò ṣòfò. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ ní kí wọ́n rántí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tó ni ọrun àti ọfà, kí wọ́n sì rántí oríkì Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan tó tẹ Ọ̀fà dó. Ọwọ́ àwọn baba wa ni ọrun wà kí ìbọn tó dé. Níbí ní òkè ọya náà, àwọn ọdẹ Hausa mọ̀ ọ́n dáadáa. Eré tó wà nílẹ̀ wa rí ni à ń gbé padà.

Mo ń gbé Nyanya, iṣẹ́ mi wà ní Central Area. Ìgbà wo gan-an ni mo fẹ́ ráyè?

Ìbéèrè yìí ló ń wá jù, ohun kan náà sì ni àwọn ará Mararaba, Kubwa àti Lugbe ń bèèrè. Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọjá Nyanya kí ilẹ̀ tó mọ́ tán kò ní àárọ̀ kankan tó lè fi tafà. Ẹ fi àárọ̀ sílẹ̀ fún rọ́bà (mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), kí ẹ sì wá àyè sí ìrọ̀lẹ́, nítòsí ibi iṣẹ́, kí ẹ tó forí lé ilé.

Aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin ni iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo ìlú ló ń bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa la sì mọ irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ń wà lọ́nà Nyanya nígbà yẹn. Ẹni tó bá dúró tafà fún ogójì ìṣẹ́jú, tó wá bọ́ sọ́nà nígbà tí ọkọ̀ ti dínkù, kì í sábà pẹ́ délé ju ẹni tó ti ń jókòó sínú ooru ọkọ̀ láti aago mẹ́rin àbọ̀. Àkókò tí ẹ ń wá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn. Ohun tó kù ni kí ọrun wà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà, nínú àpò rẹ̀, kó má jẹ́ pé ilé lẹ ti máa lọ gbé e.

Ilẹ̀ tó ń ṣú ni kí ẹ ṣọ́ra fún. L'Ábùjá, ní oṣù keje, aago méje máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà lọ tó ti wọ̀. Torí náà, láti oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù kejìlá, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ìdánrawò pápá lọ sí òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má tafà nínú òkùnkùn. Ọfà tó bá wọ abẹ́ koríko, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló máa kọ́kọ́ rí i.

Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn sẹ́kúrítì àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè mú ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé àkókò iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi àmì sí ọjọ́ tí wọ́n máa tafà kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé dandan ni pápá? Àgbàlá ilé mi kò fẹ̀.

Kì í ṣe dandan. Ìdánrawò tó wúlò jù fún ẹni tí àkókò ò tó fún ni ti 3 sí 5 mítà, láìsí ojú àmì (bébà alámì tí a ń ta ọfà sí) kankan. Ẹ gba àpò ìrẹsì, ẹ ki àjákù aṣọ tí ẹ bá rí lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ sínú rẹ̀ títí tó fi le gírígírí, ẹ rán ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e ka orí tábìlì ní ìwọ̀n èjìká, kí ẹ sì máa ta sí i. Nígbà tí kò sí ohun tí ẹ ń lé lójú, ọkàn yín á wà lára bí ẹ ṣe dúró, bí ẹ ṣe fà á, àti bí ìka ṣe jọ̀wọ́ ọsán, ìyẹn okùn ọrun.

Àmọ́ ògiri tó le, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àpò náà. Kí ẹnikẹ́ni má lè yọ sí yín láti ẹ̀gbẹ́. Ọrun tí kò tilẹ̀ le púpọ̀ lè gbé ọfà kọjá ọgọ́rùn-ún mítà dáadáa, fẹ́ńsì àgbàlá kò sì tó nǹkan lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé fúláàtì tí àwọn ọmọ ń sáré káàkiri, ẹ fi ọfà sílẹ̀, kí ẹ mú rọ́bà.

Rọ́bà wo? Kí ni mo lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe láàárọ̀?

Àwọn tó ń lẹ táyà máa ń ní rọ́bà inú táyà tó ti bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ fún yín, kí ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó gùn tó kó lè dé àgbọ̀n yín nígbà tí ẹ bá fà á. Ẹ dúró níwájú dígí. Ọwọ́ kan na rọ́bà síwájú bíi pé ọrun ló dì mú, ọwọ́ kejì fà á wá sábẹ́ àgbọ̀n, ẹ dá a dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ dẹ̀ ẹ́ padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ sinmi fún ìlọ́po méjì àkókò yẹn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Nígbà tí ó bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi ọrun fúnra rẹ̀ ṣe é: ẹ fà á, ẹ dì í mú, ẹ dá a padà síbi tó wà láì jọ̀wọ́ ọsán. Ẹ wo èjìká yín nínú dígí. Bó bá ń gòkè lọ sí etí, ẹ kò tíì ń fi ẹ̀yìn fà á.

Ẹni tó bá ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó sì ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan, yóò yàtọ̀ láàárín oṣù méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ṣé mo lè fa ọrun láìsí ọfà, kí n sì jọ̀wọ́ ọsán, kí n kàn gbọ́ bó ṣe ń dún?

Rárá o! Agbára tí ọfà ì bá gbé lọ á padà sínú ọrun. Ó lè la igi rẹ̀, ó lè já ọsán, ó sì lè ṣe yín léṣe. Bí ọsán bá já, ọrun dọ̀pá. Bí àlejò tàbí ọmọ bá gba ọrun lọ́wọ́ yín láti wò ó, ẹ kọ́kọ́ sọ èyí fún un.

Ọrun wo ló bá ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè mu?

Èyí tí kò le. Àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn láti ra ọrun 40 pọ́n-ùn (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fà á ni pọ́n-ùn) lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tafà lójoojúmọ́ lè kápá rẹ̀ nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tafà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò máa bá a jìjàkadì ni. 18 sí 24 pọ́n-ùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi lè fà á, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá ogún láì gbọ̀n.

Mo fara mọ́ recurve (ọrun tí orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú) tó ṣe é tú sí mẹ́ta. Ó ń wọ àpò ẹ̀yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ fi máa tò ó, bí apá rẹ̀ kan bá sì bàjẹ́ tàbí tí ẹ bá fẹ́ kó le sí i, apá náà nìkan lẹ máa pààrọ̀. Compound (ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lórí méjèèjì) dára, àmọ́ ó ní irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú ọsán rẹ̀, bí nǹkan kékeré bá sì ti yẹ̀ lára rẹ̀, ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹ tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹni tí àkókò ò tó fún kò nílò ìdádúró bẹ́ẹ̀.

Ṣé mi ò lè kúkú fi wákàtí mẹ́ta tafà lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì sinmi láàárín ọ̀sẹ̀?

Ẹ ro Sátidé tiwa wò ná. Ìgbéyàwó wà, ìkómọjáde wà, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, ẹnì kan á sì ti ta aṣọ ẹbí fún yín. Bí gbogbo ìdánrawò yín bá wà lórí Sátidé, ayẹyẹ méjì tó tẹ̀ léra wọn ti gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ yín. Ìdánrawò kúkúrú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ò sí ẹni tó máa wá fi ìwé ìpè dí i lọ́wọ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní wákàtí kejì, èjìká ti rẹ̀. Ọfà tí ẹ bá ta lẹ́yìn tó ti rẹ̀ yín ń kọ́ ara ní àṣìṣe, ara kì í sì tètè gbàgbé ohun tí ẹ bá kọ́ ọ. Ó sàn kí ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì dùn.

Níbo ni mo ti lè tafà láìsí pé àwọn agbófinró dá mi dúró?

Kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́ o. Jabi Lake àti Millennium Park kún fún èèyàn, kò sì yẹ kí ọfà kan jáde níbẹ̀. Ibi tó dára ni pápá ilé ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, tàbí ilẹ̀ tó wà nínú ẹ́sítéètì tí òkè tàbí ògiri gíga wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tàbí alága ẹ́sítéètì, ẹ ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kó wá wò yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ kí máìgádì, ẹ sọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ ó máa wá fún un, nítorí òun ni ẹni tí aládùúgbò tó bá fòyà máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ tú ọsán kúrò lára ọrun, ẹ gbé ọrun sínú àpò rẹ̀, ẹ gbé ọfà sínú apó tó ní ìdérí ní ọ̀tọ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú búùtù. Bí wọ́n bá dá yín dúró níbi àyẹ̀wò, ẹ tètè sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rí i fúnra wọn. Ìlú tí ọkàn àwọn èèyàn kò balẹ̀ ni a wà, ẹ má bínú sí ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀.

Kí ni kí n ṣe nígbà òjò, nígbà ọyẹ́, àti nígbà ooru?

Òjò Àbújá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì ń dá ní oṣù kẹwàá. Ìrọ̀lẹ́ ló sábà ń rọ̀, èyí tó ń bá àkókò yín jà. Ẹ ní ọjọ́ mìíràn nílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ lè fi rọ́pò èyí tí òjò bá bà jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò ní gbalasa lójú ẹsẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi ìda pa ọsán lemọ́lemọ́, nítorí eruku á máa gé e díẹ̀díẹ̀. Ooru ló ń ba ọrun jẹ́ jù, pàápàá nínú oṣù kẹta. Ẹ má fi ọrun sínú ọkọ̀ tí ẹ pa síta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: àtè tó so igi àti fáíbà rẹ̀ pọ̀ lè ṣí. Ẹ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì pé kó bá yín fi í pamọ́ síbi tó tutù.

Mò ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?

Ẹ má dáwọ́ dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ dín in kù. Ẹ fi pápá sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa fa rọ́bà lẹ́yìn ìṣínu, nígbà tí oúnjẹ bá ti dà díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tafà ní òpin ọ̀sẹ̀, òwúrọ̀ kùtù ló dára, kí omi tí ẹ mu nígbà sààrì ó ṣì wà lára. Ọfà 20 tó. Bí ojú bá ṣú yín, ẹ jókòó síbi òjìji, ọrun ò ní sá lọ.

Àwọn Kristẹni tó ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lè ṣe bákan náà.

Mo ní ọmọ kéékèèké, ìyàwó mi sì ń bínú pé mi ò tètè délé. Kí ni ṣíṣe?

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú bí ẹ bá ní ẹ ń bọ̀ ní aago méje, tí ẹ wá dé ní mẹ́sàn-án. Ẹ jọ yan ọjọ́ náà, kó jẹ́ ọjọ́ tó rọrùn fún un, kí ẹ sì dé ní wákàtí tí ẹ dá. Kí òun náà ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹ̀yin á wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún àwọn obìnrin tó ń tafà tí ọkọ wọn ń kùn, mo sì mọ̀ pé ó le jù fún wọn, nítorí oúnjẹ alẹ́ ṣì ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ dáná lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ tó bá ti lè gbọ́ "dúró" kó sì dúró lè kọ́ ọ. Ọrun tí kò ju 10 sí 14 pọ́n-ùn ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá mú ọmọ lọ, ọjọ́ ọmọ ni, ẹ má kà á mọ́ ìdánrawò tiyín.

Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Kano àti Èkó. Báwo ni mi ò ṣe ní pàdánù gbogbo rẹ̀?

Ẹ mú rọ́bà sínú àpò. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọrun wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbé wọlé, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù náà. Fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mi ò rò pé ó tọ́ sí wàhálà yẹn.

Mo pa á tì fún oṣù mẹ́ta. Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Orí yín kò gbàgbé, iṣan ló gbàgbé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan fa rọ́bà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kejì ta sí àpò ní 5 mítà, kí ẹ tó padà sí pápá. Bí ọrun yín bá ní apá tó rọ̀ jù, ẹ lò ó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọfà tí ẹ kò ta ní oṣù mẹ́ta ní ọjọ́ kan; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe èjìká wọn léṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó rẹ̀ mí ni tàbí pé mo ti farapa?

Àárẹ̀ máa ń wà ní ẹ̀yìn, láàárín egungun èjìká méjèèjì, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìrora tó ń gún níwájú èjìká, tàbí tó ń jí yín lóru, tàbí tí kò jẹ́ kí ẹ lè na ọwọ́ mú nǹkan lókè, kì í ṣe àárẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ lọ rí àwọn onífisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn. Ẹ má fi òróró pa á kí ẹ sì padà sí pápá lọ́la.

Kò sí olùkọ́ ní tòsí mi. Ta ló máa sọ àṣìṣe mi fún mi?

Fóònù yín. Ẹ gbé e ka nǹkan lẹ́yìn yín, ní ìwọ̀n èjìká, kí ẹ ya fídíò ọfà mẹ́fà. Ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ tó ń fa ọsán: ó yẹ kí òun àti ọfà wà lórí ìlà kan náà, tàbí kó ga díẹ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọwọ́ iwájú lẹ́yìn tí ọfà ti jáde, bóyá ó dúró tàbí ó já bọ́. Ohun méjì yẹn tó fún oṣù kan. Ẹni tó bá ń wo ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò ní tún ìkankan ṣe.

Mò ń ṣe é déédéé, síbẹ̀ ọfà mi ń burú sí i. Bí mo bá ti rí àárín àmì, ọwọ́ mi á ti jọ̀wọ́ ọsán kí n tó fẹ́.

Èyí ló nira jù nínú gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń sapá ni ó sì ń mú. Àwọn àgbà tafàtafà náà ń ní i, kì í ṣe ojo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkàn ti so rírí àárín àmì pọ̀ mọ́ jíjọ̀wọ́ ọsán, débi pé ìkan kò lè wáyé kí èkejì má tẹ̀ lé e. Ó máa ń yára bá ẹni tó ń kánjú, tó ń ka máàkì lórí gbogbo ọfà nítorí pé ogójì ìṣẹ́jú ló ní. Bí ẹ bá fi agbára mú ara yín dúró lórí àmì, yóò burú sí i.

Ẹ yọ ojú àmì kúrò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ta sí ohunkóhun bí kò ṣe àpò lásán ní 3 mítà, pẹ̀lú ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fà á, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn, kí ẹ tó jọ̀wọ́. Nínú ọfà mẹ́ta, ẹ má ta ọ̀kan: ẹ fà á, ẹ wo ibi kan lára àpò, ẹ dá a padà. Ọfà tí ẹ dá padà yìí ló ń wo àìsàn náà sàn, torí ó ń kọ́ ọkàn pé ó lè rí i kó má sì ta á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbé ojú àmì padà, kó jẹ́ èyí tó tóbi jù tí ẹ ní, bíi ti 122 sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n ń lò ní 70 mítà, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró ní 5 mítà péré. Ẹ fi mítà méjì-méjì kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá tún sáré jọ̀wọ́ ọsán, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ka máàkì títí ẹ ó fi dé 18 mítà.